Ẹ́ńjìnnì Tó Rò Pé Ilẹ̀ Ṣẹ̀ṣẹ̀ Mọ́

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí bà mí lẹ́rù gan-an, iwájú ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan lágbègbè Mókọ́lá, n'Ìbàdàn, ni mo wà. Àwọn ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, wọ́n ń sọdá títì lọ́wọ̀ọ̀wọ́, obìnrin tó ń bá wọn dá ọkọ̀ dúró sì ti na ọwọ́ sí mi. Mo tẹ búréèkì. Ọkọ̀ dúró, àmọ́ ó ń fà bí ewúrẹ́ tó fẹ́ já okùn. Ẹsẹ̀ mi kò sí lórí tọ́tù, ìyẹn pẹ́dà tó ń mú ọkọ̀ sáré, rárá. Orí búréèkì ló wà, mo sì tẹ̀ ẹ́ débi pé orúnkún ń dùn mí. Síbẹ̀ ẹ́ńjìnnì ń ké, abẹ́rẹ́ gééjì tó ń ka bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí ní ìṣẹ́jú kan rọ̀ mọ́ 1,500. Ọmọdébìnrin kan tó gbé báàgì sẹ́yìn gbọ́ ariwo náà, ó yíjú wò mí, ó sì sáré. Mo sún gíà sí nútírà. Igbe náà tún lọ sókè sí i nítorí kò sí ẹrù lọ́rùn ẹ́ńjìnnì mọ́, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò tì mí síwájú mọ́. Mo pa á.

Bí ọmọ yẹn ṣe sáré kò kúrò lójú mi títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó ti lé ní oṣù mẹ́rin tí ọkọ̀ yẹn ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, mo sì ti gbọ́ "Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, Mummy, kò ṣe nǹkan" lẹ́nu oríṣiríṣi ènìyàn. Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo pinnu pé mi ò ní gbà á lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́.

Ọkọ̀ tòkunbọ̀ ilẹ̀ Japan ni, ti ọdún 2003, gíà ọ́tò. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá ti gbóná tó, tí ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, nǹkan bí ìgbà 600 sí 800 ló yẹ kó máa yí ní ìṣẹ́jú kan. Òun ni àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní sílò. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sítáàtì rẹ̀ ní àárọ̀ kùtù, ó lè tó 1,200 tàbí 1,500, kò sì sí aburú níbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tútù nílò epo púpọ̀ àti eré díẹ̀ kó má baà kú. Bó bá ṣe ń gbóná ni sílò á máa wálẹ̀. Ti tèmi kì í wálẹ̀. Tàbí kí n sọ pé ó máa ń wálẹ̀ nígbà tó bá wù ú, á sì tún gòkè nígbà tó bá wù ú. Bó ṣe rí lójú mi nígbà náà nìyẹn.

Mo mọ ohùn sílò kí n tó mọ ọkọ̀ wà. Peugeot 504 ni bàbá mi ń wà, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975. Lásìkò ọyẹ́, kí bàbá tó sítáàtì ọkọ̀, á fa bọ́tìnnì kékeré kan lára dáṣíbọ́ọ̀dù. Ṣóòkì ni. Ṣóòkì á dín afẹ́fẹ́ tó ń wọ kábúrétọ̀ kù kí epo lè borí, á sì mú kí ẹ́ńjìnnì sáré díẹ̀. Ọkọ̀ á máa hó, gbogbo àgbàlá á gbọ́. Bàbá á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á tẹ́tí, nígbà tí ohùn náà bá ti yí padà, á na ọwọ́ wọlé láti ojú fèrèsé, á ti ṣóòkì padà, ariwo á rọlẹ̀. Bó bá gbàgbé, òórùn epo á gba ilé kan, ìyá mi á sì ké láti inú kíṣìnnì pé, "Dádì, ẹ ò tíì ti ṣóòkì yín o. Owó epo ń jó lọ."

Ọkọ̀ òde òní kò ní ṣóòkì tí ọwọ́ ènìyàn ń fà. Kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní bírénì-bọ́ọ̀sì, ló ń ṣe iṣẹ́ bàbá mi. Sẹ́ńsọ̀ kan wà tí ẹnu rẹ̀ wọ inú omi tó ń tu ẹ́ńjìnnì lára. Ó ń sọ fún bírénì-bọ́ọ̀sì bí omi náà ṣe gbóná tó, bírénì-bọ́ọ̀sì á sì pinnu iye epo àti iye afẹ́fẹ́ tó yẹ. Tírọ́tù ni ẹnu tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, tọ́tù ló sì ń ṣí i. Ọ̀nà kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú tírọ́tù tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá nígbà tí ẹsẹ̀ kò bá sí lórí tọ́tù. Fáàfù kan ló ń ṣọ́ ọ̀nà náà, ó ń ṣí i, ó ń pa á dé. Bí bírénì-bọ́ọ̀sì bá gbọ́ pé òtútù ṣì wà, á ní kí fáàfù ṣí gbayawu. Bó bá gbọ́ pé ẹ́ńjìnnì ti gbóná, á ní kó sún mọ́ra.

Mi ò mọ gbogbo èyí nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ó ní kí n lọ jókòó sábẹ́ igi. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ tú ẹnu tírọ́tù, ó fi epo bẹntiróòlù àti búrọ́ọ̀ṣì eyín fọ èédú dúdú tó wà níbẹ̀. Iṣẹ́ tó dára ni, nítorí èédú lè mú kí ojú tírọ́tù má padé dáadáa. Sílò wálẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Nígbà tí mo padà lọ, ọ̀gá fúnra rẹ̀ mú sikúrù-diráfà, ó yí sikúrù kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tírọ́tù títí gééjì fi padà sí 800. Inú mi dùn. Lọ́jọ́ kejì, nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Iwo Road, ọkọ̀ kú mọ́ mi lọ́wọ́ nígbà mẹ́ta. Ó tún yí sikúrù náà padà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní fáàfù sílò ni, kí n lọ ra Belgium. Mo lọ sí Àràrómì ní Agodi Gate, mo ra fáàfù àlòkù tó ti òkè òkun wá, wọ́n so ó, kò yí nǹkan kan padà. Wọ́n pààrọ̀ púlọ́ọ̀gù. Wọ́n tú ẹnu bátìrì kí bírénì-bọ́ọ̀sì lè "gbàgbé". Bẹ́ẹ̀ ni owó ń lọ, epo náà sì ń lọ. Láti 29 May 2023 tí wọ́n ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti kásẹ̀ nílẹ̀, kò sí ẹni tó ń wa ọkọ̀ tí kò mọ bí lítà kọ̀ọ̀kan ṣe ń dun ni. Ọkọ̀ tó ń hó lójú kan náà fún ìṣẹ́jú ogójì ní àdúgbò Challenge, owó oúnjẹ ọmọ ló ń mu.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní Houston ló kọ́kọ́ béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni kò bi mí. Ó ní, "Àbúrò, ṣé o ti wo kápẹ́ẹ̀tì abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ?" Ó rán mi létí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́bàá San Diego ní 28 August 2009. Ènìyàn mẹ́rin kú nínú Lexus kan tí wọ́n fi yá wọn, tọ́tù ọkọ̀ náà há mọ́lẹ̀, kápẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ ti irú ọkọ̀ mìíràn ni wọ́n sì rí pé ó há a. Toyota pe ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọkọ̀ padà lẹ́yìn ìyẹn. Àwọn kan ní kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ló ń ya wèrè. Ìjọba Amẹ́ríkà ní kí àwọn onímọ̀ NASA yẹ̀ ẹ́ wò, ní February 2011 wọ́n jábọ̀ pé àwọn kò rí àbùkù iná mànàmáná kankan tó lè fa irú eré burúkú bẹ́ẹ̀. Kápẹ́ẹ̀tì àti tọ́tù tó ń lẹ̀ ni wọ́n tún padà sí. Mo lọ wo tèmi. Kápẹ́ẹ̀tì nípọn méjì ni mo tò lé ara wọn, bí ọ̀pọ̀ wa ṣe ń ṣe nítorí ẹrẹ̀ òjò. Ti òkè ti ń sún lọ sábẹ́ tọ́tù. Mo kó o kúrò. Kò wo àìsàn tí mò ń wá, ṣùgbọ́n mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi títí dòní. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo tiyín.

Ẹni tó wá yanjú ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe mẹkáníìkì. Rìwáyà ni, ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, bàbá àgbàlagbà kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju ìbòòji kan lọ ní ẹ̀gbẹ́ Ring Road. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo ti fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ ohun tí ọkọ̀ ń ṣe sínú ìwé: aago mélòó, ibo, eré mélòó ni mo sá dé ibẹ̀, gééjì wà ní mélòó. Iṣẹ́ olùkọ́ ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Bí ọmọ bá ń pẹ́ dé, ẹ kọ́kọ́ wo ọjọ́ tó ń pẹ́. Bàbá Rìwáyà kò ní kí n lọ jókòó. Ó gba ìwé náà, ó wọ awò ojú, ó kà á tán pátá, ó tún ṣí i padà sí ojú ìwé àkọ́kọ́.

"Ọmọ mi," ó ní, "ẹ wo nǹkan tí ẹ kọ. Bí ẹ bá wà nínú họ́ọ̀lọ̀ọ́pù fún ìgbà pípẹ́, sílò máa ń wálẹ̀. Bí ẹ bá sáré lórí títì tó ṣófo, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí i, ẹ bá dé ibi tí ẹ ti fẹ́ dúró, ó ti ga. Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"A jẹ́ pé títutù ló ń tutù."

Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ láìrí i. Ó ní kí n fi ọkọ̀ sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kó lè yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ́ńjìnnì tó mọ iná. Láàárọ̀, ó so síkánà, ẹ̀rọ kékeré tó ń ka ohun tí bírénì-bọ́ọ̀sì ń rí, mọ́ ihò tó wà lábẹ́ síárín. Gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 ló ní ihò yẹn, ìdí nìyẹn tí síkánà kékeré kan fi ń bá ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ wa sọ̀rọ̀. Sẹ́ńsọ̀ omi ní ìgbóná jẹ́ 26 lórí òṣùwọ̀n Celsius, sẹ́ńsọ̀ afẹ́fẹ́ náà ní 26. Ó mi orí. Sẹ́ńsọ̀ kò purọ́. Ká ní ọ̀kan ní 26 tí èkejì ní òdo tàbí 60 ni, ibẹ̀ la ò bá ti bẹ̀rẹ̀. Ó wo omi rẹdiétọ̀, ó pé. Ìyẹn náà ṣe pàtàkì, nítorí bí omi bá lọ sílẹ̀ tí afẹ́fẹ́ wọ ibi tí ẹnu sẹ́ńsọ̀ wà, irọ́ ni sẹ́ńsọ̀ á máa pa.

A sítáàtì rẹ̀. Kò pẹ́ rárá tí ó fi ní kí n fi ọwọ́ kan rẹdiétọ̀. Ó ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó wò mí. A wọ ọkọ̀, a gba títì Èkó lọ títí dé apá tó-gẹ́ẹ̀tì, a sì padà, eré ọgọ́rin. Ogójì ìṣẹ́jú lórí ìrìn, òòrùn ti ràn, síkánà ní omi ẹ́ńjìnnì kò ju 58 lọ. Ó yẹ kó ti kọjá 80 tipẹ́tipẹ́.

"Ta ló yọ tẹmọsítáàtì yín?"

Ìgbà náà ni mo rántí. Ní ọdún tó ṣáájú, ọkọ̀ gbóná jù lórí títì Èkó, nítòsí Ogunmakin. Mẹkáníìkì tó bá mi tún un ṣe pààrọ̀ rẹdiétọ̀, ó sì fa irin róbótó kan yọ, ó gbé e hàn mí. Ó ní ti àwọn òyìnbó tó ń gbé inú yìnyín ni, pé kò wúlò ní ilẹ̀ wa, òun gan-an ló ń mú ọkọ̀ gbóná. Mo gbà. Láti ọjọ́ náà ni abẹ́rẹ́ gééjì ìgbóná mi kò ti dé àárín mọ́, ara mi sì balẹ̀ pé ọkọ̀ mi tutù.

Mi ò bínú sí ẹni tó yọ ọ́. Mo mọ ibi tí ìgbàgbọ́ yẹn ti wá. Omi kànga la ń bù sínú rẹdiétọ̀ wa, kì í ṣe kúláńtì, omi tí wọ́n ṣe fún rẹdiétọ̀. Omi yẹn á mú kí irin dípẹtà, ìpẹtà á mú kí tẹmọsítáàtì há ní pípadé, omi kò ní lè dé rẹdiétọ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì á jó, ọkọ̀ onítọ̀hún á kú sójú ọ̀nà. Ẹni tó ti rí èyí lẹ́ẹ̀mẹwàá á yọ ọ́ kúrò lọ́rùn gbogbo ọkọ̀. Ṣùgbọ́n tẹmọsítáàtì kì í ṣe ti òtútù nìkan. Ẹnu ọ̀nà ni. Ó ń sé omi mọ́ inú ẹ́ńjìnnì títí ìgbóná á fi tó nǹkan bí 82, nígbà náà ni á ṣí kí omi lè lọ tutù nínú rẹdiétọ̀. Oòrùn Ìbàdàn kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn, nítorí oòrùn wa kò kọjá 38 tàbí 40, ẹ́ńjìnnì sì nílò ìlọ́po méjì rẹ̀ kó tó mọ̀ pé ojúmọ́ ti mọ́ gan-an. Wọ́n yọ ẹnu ọ̀nà, omi ń ṣàn lọ ṣàn bọ̀, sẹ́ńsọ̀ ń sọ òtítọ́ pé ara ẹ́ńjìnnì kò tíì yá, bírénì-bọ́ọ̀sì sì ń fún un ní epo àárọ̀ ní ọ̀sán gangan. Ọdún kan gbáko ni mo fi wa ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ti ṣóòkì rẹ̀ padà.

Mo ra tẹmọsítáàtì tuntun pẹ̀lú rọ́bà rẹ̀, mo ra kúláńtì. Bàbá Rìwáyà ló so ó. Omi gòkè dé 85, ó sì dúró. Sílò wálẹ̀ láti 1,500 sí 1,050. Mo ti fẹ́ máa dúpẹ́, ó ní kí n ní sùúrù, pé 1,050 kì í ṣe 700.

Ó yẹ̀ síkánà wò. Ibì kan wà níbẹ̀ tó ń fi hàn bí bírénì-bọ́ọ̀sì ṣe ń ṣe àfikún epo, ó sì wà ní ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó ṣàlàyé fún mi báyìí. Sẹ́ńsọ̀ kan wà lẹ́nu ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, ó ń ka afẹ́fẹ́ tó ń wọlé. Bírénì-bọ́ọ̀sì ń wá afẹ́fẹ́ ìwọ̀n 14.7 fún epo ìwọ̀n 1. Bí afẹ́fẹ́ kan bá gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, tí sẹ́ńsọ̀ ẹnu ọ̀nà kò kà á, epo á kéré sí afẹ́fẹ́. Sẹ́ńsọ̀ tó ń gbóòórùn èéfín á fi ẹjọ́ sùn, bírénì-bọ́ọ̀sì á máa fi epo kún un. Afẹ́fẹ́ pọ̀, epo náà pọ̀, ẹ́ńjìnnì á sáré. Fáàfù sílò á pa ojú dé pátápátá, kò ní ràn án.

Ó pò ọṣẹ mọ́ omi nínú ike, ó ń fọ́n ọn díẹ̀díẹ̀ sí ara àwọn hóòsì àti ibi tí mánífóòlù, ìyẹn páìpù tó ń pín afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì, ti pàdé ẹ́ńjìnnì. Àwọn kan máa ń fi epo ṣe é. Kò gbà kí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kankan ṣe bẹ́ẹ̀ lórí ẹ́ńjìnnì tó gbóná, èmi náà kò ní gbà. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀ hóòsì kékeré tó ń gbé èéfín inú ẹ́ńjìnnì padà sí mánífóòlù, ọṣẹ náà wọlé fùú, ohùn ẹ́ńjìnnì sì yí padà. Ó fi ìka tẹ ẹ̀yìn hóòsì náà. Ó ti sán, ibi tó sán náà gùn tó ìka ọwọ́ mi, ní apá ìsàlẹ̀ tí ojú kò lè rí. Gbogbo àwọn tó yí sikúrù, tó fọ tírọ́tù, tó ra fáàfù, orí rẹ̀ ni wọ́n ń na ọwọ́ kọjá.

Hóòsì yẹn ni ohun tó pọ́ọ́kú lówó jù nínú gbogbo ìrìn àjò yìí. Ó pààrọ̀ rẹ̀, lẹ́yìn náà ló wá dá sikúrù tírọ́tù padà sí ibi tí ilé iṣẹ́ fi í sí. Àmì ọ̀dà kékeré kan ṣì wà lára rẹ̀ tó fi mọ ibẹ̀. Inú bí i díẹ̀ nígbà tó ń ṣe èyí. Ó ní sikúrù yẹn kì í ṣe ti sílò rárá, pé ẹni tó bá yí i ń pa ẹnu aláìsàn mọ́ ni. Gééjì dúró lé 700.

Ọ̀rọ̀ díẹ̀ fún ẹni tí tirẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ lórí ìrìn, nítorí ó lè ṣẹlẹ̀ ju tèmi lọ. Ẹ tẹ búréèkì lẹ́ẹ̀kan náà, kó le, ẹ má máa tẹ̀ ẹ́ kí ẹ máa fi í sílẹ̀, torí nígbà tí tírọ́tù bá ṣí gbayawu, agbára tó ń ran búréèkì lọ́wọ́ kì í pẹ́ tán. Ẹ sún gíà sí nútírà. Ẹ jẹ́ kó ké. Ẹ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ títì, ẹ tó pa á, ẹ má sì yọ kọ́kọ́rọ́ nígbà tí ọkọ̀ bá ṣì ń yí, kí síárín má baà ti. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ké ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ kò yára sí i, gíà tàbí kílọ́ọ̀ṣì ló ń yọ̀, ìyẹn ẹjọ́ ọ̀tọ̀ ni. Ọkọ̀ dísù tó bá ń mu ọ́ìlì ara rẹ̀ tiẹ̀ burú jù, pípa kọ́kọ́rọ́ kì í dá a dúró, àfi kí wọ́n dí ojú ibi tó ń gba afẹ́fẹ́.

Ìyá mi wà lọ́dọ̀ mi báyìí. Àárọ̀ Sátidé tó kọjá, ọyẹ́ mú, mo sítáàtì ọkọ̀, mo sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìwọlé. 1,400. Ó ń hó, ẹyẹ fò kúrò lórí ògiri. Mo tẹ́tí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ohùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀ fúnra rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi kù bí ìmí ẹni tó sùn. Láti orí àga rẹ̀ ní ìta, láìyí ojú wò mí, ìyá mi ní, "Ó ti ti ṣóòkì padà."